Ẹ̀dà Tó Gbọ́ràn Jù

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe lè parẹ́ kúrò nínú ìwé ìjọba nígbà tó ṣì ń jẹ tó ń mu, tó sì ń fi òróró dán irun rẹ̀ láràárọ̀, ẹ fa àga yín sún mọ́ mi. Dókítà Eustorgio Pumarejo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe dókítà oníṣègùn o. Kò tilẹ̀ gba oyè kankan ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n ní Puerto Azucena, létí odò Magdalena níbí, ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ kóòtù lọ́sàn-án gangan tí kò sì ráhùn pé ooru ń mú òun, Dókítà là ń pè é. A kì í bèèrè ìwé ẹ̀rí.

Oṣù Kọkànlá ọdún 2003 ni wọ́n fi í jẹ Olùdarí Ilé Ìwé Ilẹ̀. Èmi náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìyàgbẹ́ ni tábìlì mi wà, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ gbogbo ohun tí àwọn ọ̀gá ń sọ nígbà tí wọ́n bá rò pé àwọn nìkan ló kù. Ọkùnrin náà fẹ̀, ohùn rẹ̀ sì fẹ̀ jù ú lọ. Bó bá kí yín pé ẹ káàárọ̀, ẹ ó rò pé afárá ló ń ṣí.

Lọ́jọ́ tó gorí àlééfà, wákàtí méjì àbọ̀ ló fi sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin ará Puerto Azucena," ló wí, "ẹ̀yin ọmọ odò, ẹ̀yin ìran tí a kò tíì bí tí ẹ sì ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Ayé ìwé ti parí! Láti òní lọ, ohun tí kò bá sí nínú ẹ̀rọ, kò sí láyé!"

Libardo Cantillo, akọ̀wé rẹ̀, fò dìde, ó ń pàtẹ́wọ́. "Dókítà, ẹ ò tíì parí ọ̀rọ̀ tí òógùn ọgbọ́n ti bo gbogbo wa!" Òógùn bò wá lóòótọ́. Fáànù ti kú láti àárọ̀.

Kí a má bàa rò pé ẹnu lásán ni, Dókítà ní kí wọ́n gbé lẹ́tà tí gómìnà fi yàn án wá. Wọ́n ya àwòrán lẹ́tà náà sínú ẹ̀rọ, ó sì ṣáná sí i ní àgbàlá níwájú wa. Ó di eérú. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kọ gbólóhùn náà sí orí ilẹ̀kùn àbáwọlé: OHUN TÍ KÒ BÁ SÍ NÍNÚ Ẹ̀RỌ, KÒ SÍ LÁYÉ. Ẹ fi gbólóhùn yìí sápò. A máa lò ó.

Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà ni Àǹtí Nidia Escorcia. Ọdún kọkàndínlógún rẹ̀ nídìí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ Unix ni, kò ní àwòrán kankan tí wọ́n ń tẹ̀: ojú dúdú lásán, lẹ́tà funfun, kí o kọ àṣẹ, kí ó ṣe é. Lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, Àǹtí Nidia á kọ àṣẹ tí wọ́n ń pè ní tar, gbogbo ohun tó wà nínú dísìkì, ìwé ilẹ̀, orúkọ òṣìṣẹ́, owó oṣù, á sì tò wọnú téèpù kékeré kan fún wákàtí mẹ́ta. Kò ní fi mọ bẹ́ẹ̀. Á tún tú wọn jáde síbi òfìfo kan, á fi wọ́n wé ojúlówó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń sọ pé ẹ̀dà tí wọn ò tíì tú wò rí, àdúrà ni.

Lẹ́yìn náà á ju téèpù náà sínú báàgì rẹ̀, á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó àwọn aṣọ àtijọ́ ti ère Màríà sí. Fadá Anselmo á buwọ́ lùwé kan, á ti kọ́bọ́ọ̀dù pa, ó parí. Mo bi í rí pé kí ló dé tó ń ṣe wàhálà tó báyìí. Ó ní, "Ṣé tí iná bá jó ilé yìí, ó máa yọ ẹ̀dà sílẹ̀ ni? Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù."

Dókítà Pumarejo wo téèpù, ó wo Àǹtí Nidia, ó sì yínmú.

"Kí ni kásẹ́ẹ̀tì yìí? Ṣé orin lẹ ń tà níbí?"

"Ẹ̀dà ìpamọ́ ni, sà. Èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ti ọjọ́ Ẹtì kí ẹ tó dé ni, ti..."

"Kó gbogbo rẹ̀ dànù! Ìjọba tó ń wo iwájú kì í fi wákàtí mẹ́ta wo ẹ̀yìn."

Wọ́n kó téèpù tó wà nílé dànù. Ti ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ka téèpù ńkọ́? Irin ni, ó wúwo, ó sì tutù. Dókítà rí i pé gíga rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ohun tí ẹsẹ̀ òun ń fẹ́, ó bá fi ṣe àpótí ìtìsẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó ra dísìkì kejì dípò, ó sọ ọ́ ní Dígí, nítorí pé kò sí ohun tí ọkùnrin yẹn fẹ́ràn tó dígí. Mẹ́ta ló wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ọ̀kan sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kó lè fi wo ara rẹ̀ bó bá ń jáde lọ wo àwọn yòókù. Ní agogo méjìlá ọ̀sán gééré lójoojúmọ́, ẹ̀rọ á da ìwé ilẹ̀ ojúlówó kọ sínú Dígí fúnra rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Kò burú títí di ibẹ̀. Ibi tó ti burú ni pé lọ́jọ́ kan ó yọjú wo inú Dígí, ó sì bá fọ́tò Ìyáàfin Graciela Ternera níbẹ̀, olùdarí tó wà kó tó dé.

"Nidia! Kí ni obìnrin yìí ń wá níbí? Mo ti pa á rẹ́ lọ́jọ́ Ajé!"

"Ara ojúlówó lẹ ti pa á rẹ́, sà. Ẹ̀dà ṣì mú un dání. Iṣẹ́ ẹ̀dà nìyẹn. Tí ọwọ́ yín bá ṣèèṣì..."

"Ọwọ́ ta ló ṣèèṣì?"

"Ọwọ́ Dókítà kì í ṣèèṣì!" Libardo ló dáhùn. "Ọwọ́ wọn àti ọwọ́ Póòpù, ọgbọọgba ni."

"Láti òní lọ," ni Dókítà wí, "ohun tí mo bá pa rẹ́ lókè, kó parẹ́ nísàlẹ̀. N kò fẹ́ ẹ̀dà tó ní ohun tí èmi kò ní."

Àǹtí Nidia mí kanlẹ̀. "Ó ṣeé ṣe, sà. Ọ̀rọ̀ kan péré la máa fi kún àṣẹ náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tó bá ń ṣe gbogbo ohun tí ojúlówó ń ṣe, òjìji ni. Tí ojúlówó bá ṣubú, òun náà ti ṣubú nìyẹn."

"Pumarejo kì í ṣubú."

Àǹtí Nidia tẹ àṣẹ náà: rsync -a --delete /tierras/ /espejo/. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé, ìwọ ẹ̀rọ, wo àpò ìwé ilẹ̀, kí o jẹ́ kí Dígí rí bíi rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ohunkóhun tí kò bá sí lọ́hùn-ún, pa á rẹ́ níbí. Dókítà rí ìlà kan lókè àṣẹ náà, ó fi ìka gún un.

"Eléyìí ńkọ́?"

"Ìyẹn ló ń bèèrè bóyá dísìkì ojúlówó wà níjòkòó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ti yọ dísìkì, orúkọ àpò á ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ inú rẹ̀ á ṣófo."

"Ta ló ń bèèrè?"

"Ẹ̀rọ ni, sà."

"Lọ́wọ́ ta?"

"Lọ́wọ́ ara rẹ̀."

"Nínú ilé iṣẹ́ mi? Láìgbàṣẹ?" Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. "Gómìnà kì í bi mí ní ìbéèrè, ìyàwó mi kì í bi mí ní ìbéèrè, kó wá di irin! Yọ ọ́ kúrò!"

Ó yọ ọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, Libardo ti gba páswọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ àṣírí tó ń ṣí ẹ̀rọ, lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì ní kí Àǹtí Nidia máa po kọfí. Obìnrin tó fi ọdún mọ́kàndínlógún ṣọ́ ìwé ilẹ̀ gbogbo ìlú! Inú bí mi, mo sì dákẹ́, torí mo ní ọmọ mẹ́ta. Kọfí rẹ̀ dùn ṣá.

Ẹ̀yin náà á máa bèèrè pé kí ló kàn yín nínú dísìkì. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín nípa La Orilla. Ilé méjìlélọ́gọ́ta ló wà níbẹ̀, ti àwọn apẹja, lórí ilẹ̀ tí baba ńlá wọn ti ń gbé láìní ìwé kankan. Ìyá Ruperta Mojica, tó ń din ẹja bocachico pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ létí odò, ló kó wọn sòdí tí wọ́n fi fi ọdún mẹ́wàá bẹ ìjọba. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀, Ìyáàfin Graciela fi orúkọ gbogbo wọn sínú ẹ̀rọ, ó sì buwọ́ lù ú. Ó ku kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, kí wọ́n pín in.

Dókítà kò pín in. Ó ní ìwé ilẹ̀ méjìlélọ́gọ́ta kì í ṣe búrẹ́dì tí wọ́n ń nà síni lójú fèrèsé, àfi níbi ayẹyẹ. Kódà ó ní kí gbogbo ìforúkọsílẹ̀ dúró de ayẹyẹ náà. Odidi oṣù mẹ́jọ, ilé kan ṣoṣo kò wọ ìwé. Láàárín kan náà, ilé iṣẹ́ kan tó fẹ́ kọ́ èbúté màlúù ti gbé La Orilla lọ sí kóòtù. Adájọ́ ní òun ń bọ̀ ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Keje, agogo mẹ́wàá àárọ̀. Bí òun bá bá orúkọ wọn nínú ìwé ilẹ̀, ilẹ̀ di tiwọn. Bí òun kò bá bá a, katakata á wọlé.

Ìyá Ruperta wá sí ọ́fíìsì nígbà mẹ́rìnlá. "Dókítà, ọmọ mi, ẹ ṣáà fún wa níwèé wa. Ẹ pàtẹ́wọ́ fúnra yín lẹ́yìn ìyẹn."

"Ìyá, ìtàn kì í sáré."

"Katakata ń sáré, ọmọ mi."

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Keje ni ọdún Ìyá Wa ti Òkè Kámẹ́lì, alábòójútó àwọn awakọ̀ àti àwọn atukọ̀. Lọ́jọ́ náà, gbogbo ọkọ̀ ìlú á máa fọn fèrè, ère Wúńdíá á wọ ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ mìíràn á tò tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ni Dókítà fẹ́ ṣe ayẹyẹ rẹ̀. Ó ní òun á gbé dísìkì ojúlówó fúnra rẹ̀, Ìrántí Ìlú, sínú àpótí gíláàsì lórí tìmùtìmù pupa, òun á sì dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère Wúńdíá, kí àwọn méjèèjì lè jọ súre fún odò.

Àǹtí Nidia gbé àwo kọfí kalẹ̀. "Dókítà, ẹ gbé àpótí òfìfo lọ. Ẹ fi aṣọ bò ó. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi á mọ̀. Pumarejo kì í gbé òfìfo."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ kí Libardo dá iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe lágogo méjìlá dúró, lónìí nìkan. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Kí iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ ògo mi? Ó di èèwọ̀!" Libardo na páswọ́ọ̀dù sókè nínú ìwé péńpé kan, ó tún fi í sínú wálẹ́ẹ̀tì bí ẹni fi owó pamọ́.

Agogo méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n yọ dísìkì. Èmi àti Àǹtí Nidia nìkan ló kù ní ọ́fíìsì. Àwa méjèèjì jókòó síwájú ojú dúdú náà bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Bángà ń dún níta, fèrè ọkọ̀ ń ké. Agogo méjìlá lù. Ẹ̀rọ jí, ó wo àpò ìwé ilẹ̀, ó bá a lófìfo. Kò sí ìlà tó máa bèèrè ohunkóhun. Ó kọjú sí Dígí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́ kó lè dọ́gba. Orúkọ ń sáré lọ lójú wa: àdúgbò ọjà, àdúgbò ìbójì, La Orilla, Mojica, Ruperta. Kò tó ìṣẹ́jú kan.

"Ó ti gbọ́ràn," ni Àǹtí Nidia wí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Lórí odò, Dókítà ti dé ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ń fi ara rẹ̀ wé odò, ó sì ti ń rí i pé odò kò tó òun. Ó gbé àpótí gíláàsì náà sókè orí. Àwọn awakọ̀ etí odò rò pé ó ń kí àwọn, gbogbo wọn tẹ fèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Dókítà tẹríba láti dáhùn. Ẹ̀yin ará mi, ẹ ti gbé ẹrù sórí rí, ẹ sì mọ ohun tí ìtẹríba máa ń fà. Àpótí, tìmùtìmù, Ìrántí Ìlú, gbogbo rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ omi. Tìmùtìmù nìkan ló padà wá sókè.

"Ẹ má fòyà!" ló kígbe. "Dígí wà!" Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ń gba pàtẹ́wọ́ gbọ́ mọ́.

Nígbà tó dé ọ́fíìsì, tòun ti bàtà tútù, ó ní kí wọ́n ṣí Dígí.

"Òfìfo ni, sà," ni Àǹtí Nidia wí.

"Kí ló ṣe é?"

"Ó gbọ́ tiyín ni."

Lọ́jọ́ kejì, ṣé ẹ rò pé ó bẹ̀bẹ̀? Ó gbé Òfin Kejìlá jáde: ìjọba fún odò Magdalena ní wákàtí mẹ́rìnlélógún láti dá ohun ìní ìlú padà. Libardo gbé gbohùngbohùn, ó lọ ka òfin náà sétí odò, ẹ̀ẹ̀mẹta, gẹ́gẹ́ bí ìlànà. Odò kò wí nǹkan kan. Libardo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tí a fẹ̀sùn kàn dákẹ́.

Ìyá Ruperta dúró ti Libardo títí ó fi parí. Kò sunkún. Ó bọ́ àpírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ká a. "Ọdún mẹ́wàá, Nidia ọmọ mi," ló wí. "Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn ará ilé mọ́kànlélọ́gọ́ta?"

"Màmá, ẹ jẹ́ kí Fadá dé ná. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò wọn."

Fadá Anselmo ti bá Wúńdíá lọ sí àwọn abúlé ìsàlẹ̀ odò. Agogo méje àárọ̀ ọjọ́ kejìdínlógún ló tó dé. Wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n tú aṣọ Màríà aláwọ̀ búlúù, ti funfun, èyí tí ikán ti jẹ létí. Téèpù wà níbẹ̀, lábẹ́ gbogbo rẹ̀, déètì ọjọ́ Ẹtì lára rẹ̀. Àǹtí Nidia sáré dé ọ́fíìsì Dókítà. Kò kan ilẹ̀kùn.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín."

"Kí ni?"

"Ẹsẹ̀ yín, sà. Ẹ gbé e sókè. Orí ìgbàlà La Orilla lẹ tì í lé."

Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń dúró de gbólóhùn yẹn láìmọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀. Èmi pẹ̀lú Àǹtí Nidia la gbé ẹ̀rọ tó ń ka téèpù jáde lábẹ́ tábìlì, a nù ún, a so ó mọ́ ẹ̀rọ ńlá. Libardo fúnra rẹ̀ ló fa páswọ́ọ̀dù yọ nínú wálẹ́ẹ̀tì. Àǹtí Nidia ka ìwé náà, ó sì kígbe. Orúkọ Dókítà ni, Libardo sì fi nọ́ńbà ọ̀kan sí i nídìí.

Agogo méje kọjá díẹ̀ ni téèpù bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Tar ń tú wọn jáde sínú Dígí, orúkọ kan lórí orúkọ kan. Àwọn ará La Orilla dúró kún fèrèsé. Bí ẹni kan bá rí orúkọ rẹ̀, á pariwo, wọ́n á gbé e sókè. Ní agogo mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, MOJICA, RUPERTA yọ lójú dúdú náà. Ìyá tẹ̀ síwájú, ó fi ìka tó ń ta òórùn ẹja kan gíláàsì náà. Ìgbà yẹn ló tó sunkún.

Adájọ́ Deyanira Oñate wọlé ní agogo mẹ́wàá. Ó jókòó, ó ka méjèèjìlélọ́gọ́ta tán, ó rí ìbuwọ́lù lábẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò pé wákàtí kan tó fi lu òòtẹ̀. Ó ku kí wọ́n pín in. Ìgbà yẹn ni Dókítà wọlé, ó ti dán irun.

"Gẹ́gẹ́ bí Olùdarí," ló wí, "èmi ni n óò pín in, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ráńpẹ́."

Adájọ́ wo ojú ẹ̀rọ. "Olùdarí tó wà níbí, Graciela Ternera ni. Ta ni yín?"

"Èmi ni Pumarejo!"

"Àǹtí, ẹ bá mi wá Pumarejo."

Àǹtí Nidia wá a láàárín orúkọ òṣìṣẹ́, ó wá a láàárín owó oṣù. "Kò sí, Adájọ́. Ọjọ́ Ẹtì kí wọ́n tó dé ni téèpù yìí."

"Lẹ́tà tí wọ́n fi yàn yín ńkọ́?"

Gbogbo wa wo àgbàlá, ibi tí eérú rẹ̀ ti dàpọ̀ mọ́ erùpẹ̀ láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Ẹnì kan láàárín àwọn apẹja, n kò ní dárúkọ, na ọwọ́ sí orí ilẹ̀kùn. Adájọ́ ti awò ojú rẹ̀ sókè, ó ka ọ̀dà aláwọ̀ wúrà náà ketekete, títí dé KÒ SÍ LÁYÉ.

"Òfin ta ni?"

"Tiwọn ni, Adájọ́," ni Libardo wí, ó sì sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dókítà ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

"Iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ ló wá ṣòfò nìyẹn," ni Adájọ́ wí. "Kí ni gbogbo ohun tí kò padà?"

Àǹtí Nidia ronú. "Òfin mọ́kànlá, Adájọ́. Ọ̀rọ̀ ayẹyẹ mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Àti fọ́tò ńlá kan ti Dókítà."

"Ṣé kí a wá wọn?"

Ìyá Ruperta ló dáhùn, ìwé ilẹ̀ rẹ̀ wà láyà. "Ẹ má dààmú ara yín. Ọwọ́ odò ló wà. Ẹja á kà á."

Wọ́n kọ̀wé sí gómìnà. Gómìnà tuntun ti dé, ó dá èsì padà pé òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó gba fọ́ọ̀mù, kó wá dúró lórí ìlà. Àǹtí Nidia padà sídìí ẹ̀rọ, kọfí wa sì di omi lásán. Téèpù padà, ìlà tó ń bèèrè ìbéèrè padà. Dókítà ń wá láràárọ̀, tòun ti kóòtù, ó ń kọ orúkọ sínú ìwé àlejò tí a máa ń tẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì àbáwọlé, lábẹ́ ọ̀dà wúrà rẹ̀ gan-an. Kò sẹ́ni tó lé e kúrò. Ó ti di ẹni jẹ́jẹ́. Bó bá kí yín pé ẹ káàárọ̀ báyìí, káàárọ̀ náà ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, bí Àǹtí Nidia ṣe ń jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, báàgì léjìká, ó dìde, ó ṣí fìlà.

"Àǹtí Nidia, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé mo wà nínú téèpù ọ̀sẹ̀ yìí?"

Àǹtí Nidia dúró. Mo rò pé ó máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́; èmi ì bá ṣe é. Ó fi ọwọ́ lu báàgì rẹ̀ pẹ́pẹ́.

"Ẹ wà níbẹ̀, sà. Nínú ìwé àlejò. Mo tú u wò, mo rí yín."